Adélabú Ìbàdàn: Ọkùnrin tó Sọ Owó Orí di Òṣèlú

Ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958 ni Adégòkè Adélabú kú sójú títì Èkó sí Ìbàdàn, lẹ́bàá Òde-Rẹ́mọ. Èkó ló ti ń bọ̀, òun àti oníṣòwò kan tó jẹ́ ará Lẹ́bánónì, kí ọkọ̀ wọn tó forí sọ ọkọ̀ mìíràn. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni. Nígbà tí ìròyìn dé Ìbàdàn, ìlú dàrú. Ọ̀pọ̀ ò gbà pé jàǹbá mọ́tò lásán ni. Wọ́n ní ṣebí ilẹ̀ Rẹ́mọ ló kú sí, ṣebí Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ náà sì ni ìlú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó jẹ́ alátakò rẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ gbọ́? Kò sí ẹ̀rí kan tó ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ìfura ti ń dúró de ẹ̀rí? Láti ìgboro ni ìjà ti ràn dé abúlé. Wọ́n dáná sunlé, wọ́n pa èèyàn, ìjọba sì kó ọlọ́pàá jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, adájọ́ sì dájọ́ ikú fún àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n mú.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú olóṣèlú tí Adélabú jẹ́, kó wo ẹni tí àwọn ará oko yẹn kọjú ìjà sí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group ti Awólọ́wọ̀, wà níbẹ̀, ìyẹn ò yani lẹ́nu, torí àwọn ni alátakò. Àwọn tó tún wà níbẹ̀ ni agbowó orí. Ẹni tó ń kọ orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀, tó ń ka ilé, tó ń sọ pé iye báyìí ni kí lágbájá san. Àwọn èèyàn ń sunkún aṣáájú wọn, àfi bíi pé wọ́n tún ń gbẹ̀san ìwé owó orí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìtàn ọkùnrin yìí wà ju ibi tí a sábà máa ń wá a sí lọ.

Òkè-Olúokùn ní Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1915. Aṣọ ni Sànúsí bàbá rẹ̀ ń hun. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré. Ilé Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n iléèwé ìjọ CMS ní Kúdẹtì ni wọ́n fi í sí ní 1925. Ó ti ibẹ̀ dé iléèwé Màpó, nígbà tó sì di 1931 ó wọ Government College Ìbàdàn, tí kò tíì ju bí ọdún méjì lọ tí ìjọba dá a sílẹ̀. Orí rẹ̀ pé, ó sì mọ̀ pé orí òun pé. Ìyẹn á tún dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ilé iṣẹ́ UAC, tó máa ń ra kòkó, fún un lówó ẹ̀kọ́ lọ sí Yaba Higher College ní 1936, kò sì lo ọdún kan níbẹ̀ tó fi jáde wá ṣiṣẹ́ fún UAC fúnra rẹ̀. Ó tún kúrò níbẹ̀. Ó di ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ìjọba, ó ṣòwò fúnra rẹ̀, ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ó padà sí UAC, wọ́n tún túká. Kò gbóná síbì kankan.

Ẹni tó bá wò ó lókèèrè á ní aláìnísùúrù ni. Bóyá. Àmọ́ láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, ó ti rí òwò kòkó níwá lẹ́yìn. Ó mọ iye tí òyìnbó ń rà á, ó mọ iye tí alágbàtà ń gbé e, ó mọ bí òṣùwọ̀n ṣe ń yí. Ọ̀mọ̀wé ò pọ̀ nínú òṣèlú Ìbàdàn ìgbà náà tó mọ ìyà tó ń jẹ àgbẹ̀ láti ẹ̀yìn tábìlì ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ wọn.

Àgbẹ̀ sì ń bínú lásìkò yẹn. Àrùn kan wọ oko kòkó ní agbègbè Ìbàdàn, èyí tó ń mú kí ẹ̀ka igi wú kó sì kú. Ìjọba òyìnbó ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí a lè gbà dá a dúró ni ká gé igi tó bá ti kó o dànù. Ní ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbin kòkó, tó dúró dè é fún ọdún márùn-ún sí méje kó tó so, tí ó wá rí àwọn èèyàn ìjọba tí wọ́n gbé àdá wọ oko rẹ̀, tí igi náà sì tún ní ewé lórí, kí lẹ fẹ́ kó rò? Wọ́n lé àwọn agégi kúrò. Máyégún, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, dìde láti ja ìjà náà. Nígbà tí Adélabú wá ń wá ẹni tó máa tẹ̀ lé e, ó bá àwọn èèyàn yìí nílẹ̀, inú wọn ti ń ru, wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń kọ̀.

Ẹjọ́ Àgbájé ló kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde nílùú. Sàláámì Àgbájé, Ọ̀tún Balógun, olówó tó fi òwò dé ibi tó dé, ti ń sún mọ́ oyè Olúbàdàn. Láti 1949 ni àwọn ìjòyè kan àti àwọn mọ́gàjí, ìyẹn àwọn olórí agboolé, ti ní àwọn ò fẹ́ ẹ. Adélabú jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi gègé jagun fún wọn. Ó ń kọ ìwé ẹ̀sùn, ó ń ṣàlàyé ẹ̀sùn, ó ń ti ẹ̀sùn lẹ́yìn. Ìjọba ní kí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Butcher wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àgbájé ò di Olúbàdàn títí ó fi kú ní 1953. N ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ọwọ́ Adélabú mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkùnrin tó ń kọ̀wé pé kí Áfíríkà gba òmìnira ni, síbẹ̀ àwọn tó ń bínú ọlà Àgbájé ló bá rìn. Àmọ́ ohun tó rí kọ́ níbẹ̀ ṣe pàtàkì: mọ́gàjí Ìbàdàn ní èèyàn. Agboolé kan lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, mọ́gàjí ló sì mọ̀ wọ́n lórúkọ.

Lákòókò yẹn náà ni wọ́n ya ìhà Ọ̀ṣun kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Láti ìgbà ogun ni Ìbàdàn ti ń jẹ́ ọ̀gá fún àwọn ìlú bíi Ẹdẹ, Ìwó, Òṣogbo àti Ìkirè. Owó orí wọn ń gba Màpó, ibi tí ìjọba ìlú Ìbàdàn wà, kọjá. Ìwádìí Butcher ní kí wọ́n lọ dá dúró, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ náà sì fara mọ́ ọn. Ó tọ́ kí àwọn ará Ọ̀ṣun máa ṣèjọba ara wọn, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè jiyàn ìyẹn lónìí. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kà á sí ìfàṣẹ́yìn, wọ́n sì ti mọ ẹni tí wọ́n máa bínú sí.

Ìbò 1951 ló wá tú gbogbo rẹ̀ síta. Ibi tí owó orí ti di nǹkan mìíràn nìyí, torí ẹni tó bá ń san owó orí ló ń dìbò. Rìsíìtì tí àgbẹ̀ kórìíra yẹn náà ló sọ ọ́ di ẹni tí olóṣèlú gbọ́dọ̀ wá kí. Ibadan People's Party, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú tí Adísà Akinlóyè jẹ́ aṣáájú rẹ̀, gba gbogbo àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó jẹ́ ti Ìbàdàn nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Adélabú wà nínú wọn. Kò pẹ́ tí márùn-ún fi rékọjá sọ́dọ̀ Action Group, Akinlóyè fúnra rẹ̀ sì di mínísítà níbẹ̀. Ó ku Adélabú nìkan. Ó dara pọ̀ mọ́ NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ ti Nnamdi Azikiwe.

Wọ́n ti kọ oríṣiríṣi nǹkan nípa ìdí tí kò fi bá wọn lọ. Àwọn kan ní ìgbàgbọ́ ni, àwọn kan ní wọn ò fún un nípò tó fẹ́ ni. Kò sídìí tí a fi gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ohun tí a mọ̀ ni pé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1952, ó tẹ ìwé rẹ̀ *Africa in Ebullition* jáde, ìwé tó kún fún èdè òyìnbó tó le bí òkúta, tó ń bá àwọn òyìnbó jà, tó sì ń pe ọ̀dọ́ Nàìjíríà sí ìjàgbara. Mẹ́kúnnù tó ń tẹ̀ lé e ò lè ka ojú ìwé kan níbẹ̀. Kò sì dí wọn lọ́wọ́. Tó bá dé Ọjà'ba tàbí ìdí Màpó, tó gbé ẹnu sọ́rọ̀, Yorùbá Ìbàdàn pọ́nńbélé ni, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀, èébú àti òwe tó ń gún bí ẹ̀gún. Ọkùnrin kan náà ló ń sọ èdè méjèèjì, kò sì pa ọ̀kan tì fún ìkejì.

Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ni Màbọ́lájẹ́. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí, torí iṣẹ́ gidi tó ṣe nìyí, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí kò mú ariwo wá. Ẹgbẹ́ àwọn asanwó orí wà tẹ́lẹ̀, Máyégún wà, àwọn mọ́gàjí àti àwọn ìjòyè tí inú ń bí wà. Ó kó gbogbo wọn pọ̀, ó sì so wọ́n mọ́ NCNC láìjẹ́ kí NCNC gbé wọn mì. Mọ́gàjí kó agboolé wá, baálẹ̀ abúlé kó abúlé wá. Kò gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n pa oyè tì kí wọ́n tó di ọmọ ẹgbẹ́. Orúkọ ẹgbẹ́ náà pàápàá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ba ọlá àwọn àgbà jẹ́. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní ọ̀mọ̀wé, ó ní agbẹjọ́rò, ó ní owó. Màbọ́lájẹ́ ní ẹni tó lè dé abúlé Akànràn lóru kó tó dàárọ̀, kí ọ̀rọ̀ sì ti délé kálukú.

Ọ̀rọ̀ tó ń dé ilé kálukú náà ni owó orí. Láti 1953 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbowó tuntun lé owó orí láti fi ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìlera, ṣílè mẹ́wàá àti ààbọ̀. Adélabú gbógun tì í. Ó ní àwọn tó jẹ gbèsè ọrùn ni wọ́n tún fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wọn. Àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ibí ni mo ti ń bá ọkùnrin yìí jiyàn nínú ọkàn mi. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, iléèwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, owó tó ń tako gbígbà rẹ̀ yẹn sì wà lára ohun tó gbé e dìde. Ọmọ àwọn àgbẹ̀ tó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ló jókòó sí kíláàsì yẹn. Ẹ̀yìn ni àǹfààní náà máa ń dé, owó sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà; kò sí ẹni tó ń fi ohun tí kò tíì rí san gbèsè tó ń rí. Adélabú mọ ìyẹn. Kò parọ́ fún wọn nípa ohun tó ń jáde lápò wọn. Ohun tó ń wọlé bọ̀ ni kò sọ.

Ní 1954, Màbọ́lájẹ́ gba Ìgbìmọ̀ Agbègbè Ìbàdàn lọ́wọ́ alátakò, Adélabú sì di alága rẹ̀ ní Màpó. Ní ọdún náà gan-an ni ìbò àpapọ̀ wáyé. NCNC ló gba àga tó pọ̀ jù ní Ìwọ̀ Oòrùn, òfin ìgbà náà sì ní ẹgbẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò yan àwọn mínísítà tó ń ti ẹkùn yẹn lọ sí Èkó. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí tí Awólọ́wọ̀ ń ṣèjọba ẹkùn láti Ìbàdàn, tí alátakò rẹ̀ láti Ìbàdàn kan náà sì di mínísítà Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ọ̀ràn ohun àlùmọ́ọ́nì àti ìgbáyégbádùn ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Ó ń ṣe mínísítà, ó ń ṣe alága ìgbìmọ̀ ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ méjì ò lè rọrùn lọ́wọ́ ẹni kan. Nínú ìgbìmọ̀ Ìbàdàn, ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ àgbàṣe àti bí wọ́n ṣe ń yan èèyàn sípò. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ránṣẹ́ pe E. W. J. Nicholson, akọ̀wé àgbà ìlú Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti wá wádìí. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1956, kò sì dára fún Adélabú. Wọ́n tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ó kọ̀wé fi ipò mínísítà sílẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìjọba Ọlọ́pẹ ló kó òyìnbó jáde láti bà á jẹ́. Òótọ́ ni pé ìjọba náà ò fi irú ìyára bẹ́ẹ̀ wádìí àwọn ìgbìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ìyẹn ò sì sọ ohun tí Nicholson rí di irọ́. Lójú mi, Adélabú ń ṣèjọba Màpó bí àwọn ológun Ìbàdàn àtijọ́ ṣe ń ṣe é: ẹni tó bá mi jagun, òun ni màá fún ní ìpín. Òfin ìgbìmọ̀ ti 1952 tí wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́ kò mọ irú ìṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ó ti parí fún un ṣe àṣìṣe. Oṣù márùn-ún péré ni ó kọjá nínú ọdún náà tí ìbò ẹkùn fi dé, ó sì padà sí Ilé Ìgbìmọ̀. Action Group rí àga 48 gbà nínú 80, NCNC rí 32, Adélabú sì di olórí alátakò. Inú Ilé yẹn ló ti fi gbólóhùn òyìnbó kan, "peculiar mess", bú ìjọba, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò gbọ́ òyìnbó sì fi ń pè é ní Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́sì. Wọlé Ṣóyínká fi ọ̀rọ̀ náà ṣe orúkọ ìwé rẹ̀ kan ní 1994. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní mọ̀ nípa Adélabú ò ju ìyẹn lọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó parí. Ó ń dùn mí díẹ̀, n ò purọ́. Ẹni tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ kan, kí ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo gba ipò rẹ̀.

Ní ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ohun tó ń jà fún ni kí wọ́n ya ìpínlẹ̀ kan fún àárín ilẹ̀ Yorùbá, kí Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ kúrò lábẹ́ ìjọba tí ó kà sí ti àwọn mìíràn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e síwájú ìgbìmọ̀ Willink tó ń wádìí ìbẹ̀rù àwọn tí kò pọ̀ níye ní Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ náà kò dá ìpínlẹ̀ kankan sílẹ̀. Nígbà tí ìròyìn wọn jáde, Adélabú ti wà nínú ilẹ̀.

Màbọ́lájẹ́ ò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi pín sí méjì. Adéoyè Adìsá ṣaájú apá kan. Ẹni tó ṣaájú apá kejì ni Mojíìdì Àgbájé, ọmọ Sàláámì Àgbájé tí Adélabú fi gègé lé kúrò lọ́nà oyè. Ìtàn Ìbàdàn ní ẹ̀rín tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó gbé orí ẹnu ẹnìkan dúró kò mọ ibi tó máa gbà nígbà tí ẹnu náà pa mọ́; kò sí akọ̀wé àgbà tó lágbára, kò sí àpótí owó tó ṣeé fọkàn tán, gbogbo ìlànà wà lórí Adélabú. Ìyẹn ni àléébù tó tóbi jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó tóbi ju èyí tí Nicholson rí lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó orí ò bá a kú. Ní 1968, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba ológun tún gbé owó orí sókè nígbà tí owó kòkó ń wálẹ̀, ogun abẹ́lé sì ń jẹ owó ìlú. Àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà. Táfà Adéoyè ti Akànràn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n ya wọ Màpó, wọ́n sì fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní 1969, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn jáde. Ẹni tó lọ bá wọn jókòó tí ìjà náà fi rọ̀ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ alábòójútó ètò ìnáwó fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Owó orí wá sílẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ohun tí Awólọ́wọ̀ ò gbà fún Adélabú nínú Ilé Ìgbìmọ̀, ó gbà á fún àgbẹ̀ tó gbé ìbọn ṣakabùlà lọ́wọ́.

Nínú òṣèlú Ìbàdàn òde òní, àwọn èèyàn a máa tọ́ka sí Làmídì Adédibú, tó kú ní 2008, pé òun ló jogún Adélabú. N ò gbà á tán. Adédibú mọ bí a ṣe ń bọ́ èèyàn nílé, Adélabú náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Adélabú ní ọ̀rọ̀ kan tó ń jà fún tó ju ẹni tó máa jẹ gómìnà lọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Adébáyọ̀ Adélabú, ti ń tọ ọ̀nà mìíràn: ó ti ṣe igbákejì gómìnà báńkì àpapọ̀ rí, ó díje fún ipò gómìnà Ọ̀yọ́ lábẹ́ APC ní 2019, ó tún díje lábẹ́ Accord ní 2023, kò rí i gbà nígbà méjèèjì, wọ́n sì fi í ṣe mínísítà iná mànàmáná ní 2023. Bàbá àgbà ti ibi ìbínú àwọn asanwó orí dé Èkó. Ọmọ-ọmọ ti ibi iṣẹ́ báńkì dé Abuja, ó sì tún bá ìbínú níbẹ̀, torí owó iná tó ga ni àwọn ará Ìbàdàn bá ilé iṣẹ́ rẹ̀ jà lé lórí.

Ní ti ìpínlẹ̀ tó béèrè, wọ́n dá Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1976, pẹ̀lú Ìbàdàn tí ó jẹ́ olú-ìlú àti Ọ̀ṣun tó padà sábẹ́ rẹ̀. Ní 1991 Ọ̀ṣun tún lọ. Àwọn ọmọ Ìbàdàn kan sì ń kọ̀wé títí di òní pé kí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ìbàdàn sílẹ̀ fún wọn.